Ayé Ògúndé Lójú Àgbà

Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe fíìmù Ayé ní ọdún 1979, àwọn ọmọdé ni ẹ̀rù rẹ̀ bà jù lọ, síbẹ̀ àwọn náà ni wọn kò jẹ́ kí òbí wọn gbádùn títí wọ́n fi mú wọn lọ wò ó. Kì í ṣe ilé sinimá nìkan ni wọ́n ti ń wò ó. Àwọn tí wọ́n ni fíìmù nígbà náà a máa gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun káàkiri, wọn a sì fi í hàn ní gbọ̀ngàn ìlú, ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá wò ó tán kò ní lè dá jáde lọ tọ̀ lóru, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orin inú rẹ̀ ni yóò máa kọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà ti lé ní 50 báyìí. Bí ó bá tún jókòó ti fíìmù náà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé àyà rẹ̀ kò já mọ́. Ojú àgbà ti rí oríkèé iṣẹ́ náà. Bí ènìyàn bá pòórá lójijì, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ayàwòrán ni wọ́n dá dúró tí òṣèré fi rọra kúrò níbẹ̀. Idán tí ó lé oorun lójú ọmọdé di ohun tí àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín sí.

Orin ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ni Ògúndé ní ọdún 1944 nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé eré olórin nípa ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní Glover Hall ní Èkó. Láti ìgbà náà ni orin àti ijó ti ń ṣí eré rẹ̀. Ayé pàápàá ti jẹ́ eré orí ìtàgé kí Ọlá Balógun tó bá a darí rẹ̀ fún sinimá. Ọmọdé ń gbọ́ adùn ohùn. Àgbà ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọfọ̀ tí ó dà bí ariwo lásán létí ọmọ ọdún 10 wá di ewì tí ó ní ìlànà tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn èyí.

Ògúndé ṣe Jáyésinmi ní 1980, Àròpin N'tènìyàn ní 1982 àti Àyànmọ́ ní 1988, kí ó tó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Nígbà náà owó náírà ti já wálẹ̀, fíìmù tí a ń rà láti òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára, fídíò sì ti ń gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti àwọn àjẹ́ inú Ayé. Obìnrin ni wọ́n, ọmọdé kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. Àgbà tí ó mọ ìtàn yóò béèrè. Ní ọdún 1950, nígbà tí Ògúndé ń gbé eré kiri ìlú, àwọn Àtíńgà gba Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí, wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Wọ́n ń jó, wọ́n ń nàka sí obìnrin pé àjẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá nàka sí gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí ó sì sanwó. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà, wọ́n gé igi ìrókò, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n ní ọdún 1951. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò yìí kan náà ni wọ́n ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa, tí wọn kì í lé wọn bí ẹran igbó.

Ògúndé kọ́ ni ó dá ìbẹ̀rù náà sílẹ̀. Ó bá a nílé ni. Síbẹ̀ fíìmù rẹ̀ fún ìbẹ̀rù náà ní ojú àti ohùn tí ọmọdé kò lè gbàgbé. Àgbà tí ó bá ń fi Ayé han ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní láti mọ ohun tí yóò wí nígbà tí ọmọ náà bá yí ojú kúrò lára fíìmù, tí ó sì ń wo ìyá arúgbó tí ó jókòó tì wọ́n.