ÌJÓKÒÓ ÀTI ÌDÚRÓ ONÍDÌRÍ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ: ÀYẸ̀WÒ ÌTÀN

Ìfáàrà
Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kì í fi àmì sí ara ẹni tí ń ṣe é. Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ìtálì, tẹ ìwé jáde lórí àìsàn àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé jíjókòó tàbí dídúró lọ́nà tí kò bá ara mu lè di àrùn. Iṣẹ́ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láàrin àwọn onídìrí Yorùbá.

Irun Dídì Láyé Àtijọ́
Orí àpótí ni onídìrí máa ń jókòó sí. Onírun yóò jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, yóò sì gbé orí lé e nítan. Ẹ̀yìn onídìrí a tẹ̀, ọrùn rẹ̀ a sì dorí kodò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, sọ pé ẹsẹ̀ irun àwọn wúńdíá máa ń tó 8 sí 14, àti pé bí wọ́n bá ṣe tínrín tí wọ́n sì pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń wuni tó. Ẹwà onírun wá di làálàá ìka onídìrí. Síbẹ̀, irun ọmọ, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń dì. Ọjà àti ìdáná kì í jẹ́ kí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ jókòó sídìí rẹ̀.

Ìyípadà Tó Dé
Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge gbilẹ̀ nínú àwọn ìlú ńlá ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, oníbàárà bọ́ sórí àga, onídìrí bọ́ sórí ìdúró. Ìrora tí ó wà ní ìbàdí tàn dé èjìká nítorí apá tí ó wà lókè, ó dé ọrùn-ọwọ́ nítorí àṣetúnṣe, ó sì dé ẹsẹ̀ nítorí ìdúró pípẹ́. Iṣan tí ó le gbagidi láìsinmi kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń di irun lábẹ́ agboòrùn lọ́jà ṣì ń lo àpótí, ṣùgbọ́n irun àtọwọ́dá wẹ́wẹ́ lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Àgbálọgbábọ̀
Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe àpótí tàbí ìdúró nìkan ló ń pa onídìrí lára. Àìsinmi ni olórí ọ̀ràn. Láti ọdún 2011 tí ìṣaralóge ti wọ inú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà ti kan olùkọ́. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé àga oníbàárà sí ìwọ̀n tí ìgbọ̀nwọ́ kò fi ní jìnnà sí ìhà, láti máa pààrọ̀ ìjókòó àti ìdúró, àti láti sinmi kí ìrora tó dé. Ìlera loògùn ọrọ̀.