A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Irun Kúkúrú Láàrin Àwọn Obìnrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, débi pé agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń rántí orí àti abẹ tí òwe náà ti inú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irun kúkúrú ṣe di ẹ̀ṣọ́ lórí obìnrin kò lè rí atọ́nà tí ó dára ju òwe yìí lọ. Kí obìnrin tó lè jókòó níwájú dígí, kí ó sì béèrè irú gígé tí yóò bá ojú òun mu, ó ní láti kọ́kọ́ dájú pé òun ni ó ni orí náà. Ìbéèrè kékeré ni lónìí. Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ púpọ̀, kò sí ẹni tí ó bi obìnrin ní irú rẹ̀.

Láàrin àwa Yorùbá, irun dídì àti irun kíkó ni ẹwà orí obìnrin. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kálukú wọn ní ìlà tirẹ̀, onídìrí tí ó mọṣẹ́ a sì máa wo orí kí ó tó mú òòyà. Abẹ ní ìgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, a máa ń fá irun opó nígbà tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. A a sì máa fá orí ìyàwó òrìṣà nígbà tí a bá ń fi òrìṣà jẹ ẹ́. Àṣà yìí bá àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú la òkun kọjá dé Brazil àti Cuba, a kò sì tíì pa á tì níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí orí fífá ń wí ni pé ẹni yìí ti kúrò ní ipò kan, ó ti bọ́ sí òmíràn. Ikú ni ó pe abẹ wá, tàbí òrìṣà. Kò sí èyí tí dígí pè.

Ọ̀ràn kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé irun gígùn jẹ́ ògo fún obìnrin, ìtìjú sì ni kí a rẹ́ ẹ. Nítorí èyí, obìnrin tí ó bá fẹ́ fi ayé sílẹ̀ láti di ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Pápá ni a ń gé irun rẹ̀. Nígbà tí a mú Jeanne d'Arc, ọmọbìnrin Faransé tí ó ṣáájú ọmọ ogun, tí a sì ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Rouen, ó wà lára ẹ̀sùn tí a fi kàn án pé ó gé irun rẹ̀ yípo bí ti ọkùnrin. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1431, a dáná sun ún. Ní Jàpáàn pẹ̀lú, ìjọba fún àwọn ọkùnrin láyè ní 1871 láti gé òṣùṣù irun tí wọ́n ń dì sí àtàrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ jáde ní Tokyo ní 1872 pé èèwọ̀ ni.

Ọwọ́ òṣèré àti oníjó ni ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1909, onírun kan wà ní Paris tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Antoine. Antoni Cierplikowski ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ìlú Sieradz ní Pólàǹdì ni. Òṣèré kan, Eve Lavallière, tí ó ti lé ní ogójì ọdún, fẹ́ ṣe ipa ọmọdébìnrin lórí ìtàgé. Antoine gé irun rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ etí, ọjọ́ orí sì fara pamọ́. Jeanne d'Arc ni ó fi orúkọ gígé náà pè. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi dá ènìyàn lẹ́bi ní 1431 ṣe di ohun ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọdún tí ó ju irínwó lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1914, Irene Castle, gbajúmọ̀ oníjó, gé irun tirẹ̀ nítorí pé ó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn, kò sì fẹ́ ìyọnu irun gígùn lórí ibùsùn àìsàn. Nígbà tí ó padà sí agbo ijó, àwọn obìnrin wò ó, wọ́n sì ń fara wé e.

Ogun ńlá ti 1914 sí 1918 ni ó wá ti ilẹ̀kùn náà gbayawu. Àwọn obìnrin wọ ilé iṣẹ́ tí a ti ń rọ ọta ìbọn, níbi tí ẹ̀rọ lè fi irun gígùn wọ́ ènìyàn mọ́ra. Ogun parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sí irun gígùn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e? Àwọn onírun obìnrin mọ irun ṣíṣẹ́po, wọ́n mọ irun tí a ń fi irin gbígbóná ká, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ àlùmọ́gàjí lò. Nítorí náà àwọn obìnrin mú ọ̀nà ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ọkùnrin pọ̀n, wọ́n tò pẹ̀lú àwọn tí ó wá fá irùngbọ̀n.

F. Scott Fitzgerald kọ ìtàn kan sí ìwé ìròyìn ní oṣù Karùn-ún, 1920, lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin kan, Bernice, ń fi ẹnu lásán wí fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin pé òun yóò gé irun òun. Ìbátan rẹ̀ Marjorie fi ọ̀rọ̀ náà há a mọ́ ogiri títí ó fi wọ ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Irun rẹ̀ tí a gé kò yẹ ẹ́ rárá. Ó rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Lóru ọjọ́ tí ó fẹ́ sá lọ, ó yọ́ wọ yàrá Marjorie, ó sì gé irun rẹ̀ lójú oorun. Yorùbá tí ó bá ka ìtàn náà yóò rí òwe àwọn bàbá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: a fá orí Marjorie lẹ́yìn olórí ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Bernice tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi àga kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹnu ayé ni ó gbé e lọ.

Àwọn alátakò kò sùn. Àwọn oníwàásù kan wàásù sí i, àwọn ọkọ kan bínú, ilé ìtajà ńlá kan ní Chicago sì lé ọmọbìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1921 nítorí irun rẹ̀. Èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé tí ń fẹ́ ayé tuntun ti ń gé irun wọn láti nǹkan bí 1919. Nígbà tí ìjọba Guomindang dojú ìjà kọ àwọn Kọ́múníìsì ní 1927, irun kúkúrú di àmì tí a fi ń mọ ọ̀tá. Nígbà tí a ṣẹ́gun ọ̀tẹ̀ Guangzhou ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a pa àwọn obìnrin nítorí irun orí wọn.

Ní ọdún 1927 kan náà, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ obìnrin méjì kalẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Mary Garden, akọrin ńlá tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, sọ ìdí tí òun fi gé irun òun: lójú rẹ̀, irun kúkúrú jẹ́ àmì èrò ọkàn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù àtijọ́. Mary Pickford, òṣèré sinimá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ irun gígùn tí ó ká wọ́ńkọ́wọ́ńkọ́, sọ ìdí tí òun kò fi gé tòun. Àwọn olùwòran kò fẹ́ kí ó dàgbà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣì ń fẹ́ rí i bí ọmọdé. Ní oṣù Kẹta 1928 ìyá rẹ̀ kú. Ní oṣù Kẹfà, ní New York, ó jókòó, a sì gé irun náà. Fíìmù tí ó kọ́kọ́ fi irun kúkúrú ṣe, Coquette ti 1929, ni ó gba ẹ̀bùn Oscar fún.

Bí a ti borí ìjà, iṣẹ́ mìíràn dé. Oríṣi gígé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Èkíní ni èyí tí a gé gbọọrọ yí etí ká. Ní nǹkan bí 1924, èyí tí a rẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ìpàkọ́ títí yóò fi ṣe ṣóńṣó lórí ọrùn gbòde. Ní nǹkan bí 1926, èyí tí ó kúrú jù lọ jáde, tí a fi orúkọ Eton, ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè. Josephine Baker, ọmọ adúláwọ̀ láti St. Louis tí ó dé Paris ní 1925, ni irun yìí yẹ jù. Ó fi ìpara lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí títí ó fi ń dán, a sì ń ta ìpara kan, Bakerfix, ní orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó rò pé irun kúkúrú yóò gba òun lọ́wọ́ làálàá rí i pé làálàá náà pààrọ̀ aṣọ ni. Irun orí a máa hù ní nǹkan bí ìlàjì ínǹṣì lóṣù kan. Lórí irun tí ó dé ìbàdí, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n lórí ìpàkọ́ tí a rẹ́ mọ́lẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìlà ti wọ́, ṣóńṣó ti di ìgbẹ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin kò sì lè rẹ́ ìpàkọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi di dandan kí ó máa padà sí ìsọ̀. Àléébù kejì tún wà: orí yàtọ̀ sí orí, ṣùgbọ́n gígé kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè. Fìlà ìgbà náà, tí ó mọ́ orí pinpin títí dé ojú, kò gba irun púpọ̀. Àṣà ni ó ń yan irun, kì í ṣe ojú tí ó máa gbé e.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lórí ẹni tí ó ni orí. Nígbà tí a lé àwọn Jámánì kúrò ní ilẹ̀ Faransé ní 1944, àwọn ènìyàn mú àwọn obìnrin tí a ní wọ́n bá ọ̀tá rẹ́, wọ́n sì fá orí wọn ní ojú ọjà. Nǹkan bí 20,000 obìnrin ni ó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ìlú tí Antoine ti sọ irun kúkúrú di ẹwà wà lára ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ó hàn gbangba pé gígùn irun kọ́ ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó pàṣẹ fún àlùmọ́gàjí.

Ọdún 1960 sí 1970 ni ìbéèrè tòótọ́ wá dé. Vidal Sassoon, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928 sí ilé tálákà, fi ọdún púpọ̀ wá ọ̀nà tí gígé nìkan yóò fi dá irun dúró, láìsí ìpara líle, láìsí irin gbígbóná. Egungun ojú ni ó ń wò: ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, bí ọrùn ti gùn tó. Ní 1963 ó gé irun òṣèré Nancy Kwan. Lẹ́yìn náà ni gígé rẹ̀ tí ó ní ṣóńṣó márùn-ún jáde. Ẹni tí ó bá gé irú rẹ̀ yóò fọ orí, yóò gbọn ọ́n, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n irun tí ó nà ni ọgbọ́n Sassoon fi bẹ̀rẹ̀. Irun àwọn adúláwọ̀ ń hù sókè, ó ń ká lọ́wọ́ ara rẹ̀, fún ọdún púpọ̀ ni a sì ti fi òòyà gbígbóná nà án ní Amẹ́ríkà kí ó lè jọ ti ẹlòmíràn. Ní oṣù Kìíní 1962, àwọn ọmọbìnrin kan jáde ní Harlem pẹ̀lú irun orí wọn bí Ọlọ́run ti dá a, nínú àfihàn tí a pè ní Naturally '62. Miriam Makeba, akọrin ọmọ South Africa, ti ń fi irú irun bẹ́ẹ̀ kọrin káàkiri. Ní 1963 Cicely Tyson gbé tirẹ̀ wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Irú irun yìí kì í ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bí agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ igi ni a ń gbẹ́ ẹ. Bí ojú bá rí roboto, a lè jẹ́ kí àtàrí ga díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ sì lọ sílẹ̀. Bí ojú bá gùn, kí ẹ̀gbẹ́ ní ara díẹ̀. Omi àti òróró ni oúnjẹ rẹ̀, òòyà eyín ńlá ni a fi ń yà á nígbà tí ó bá tutù, etí rẹ̀ sì ń fẹ́ ọwọ́ onígbàjámọ̀ kí ó tó di ìgbẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, obìnrin tí ó fi owó ara rẹ̀ jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ kì í ṣe ohun ìyanu mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà kan ṣì lè béèrè ẹni tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, òfin ilé ìwé ni ó ṣì ń gé irun ọmọbìnrin, ó yẹ ẹ́ tàbí kò yẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé òfin náà ní ìdí tirẹ̀, ti ìmọ́tótó àti ti àkókò. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn tí ó ṣe é rántí pé orí kan náà ni ọmọ náà yóò gbé jáde kúrò nílé ìwé. Lọ́jọ́ tí yóò bá kọ́kọ́ dá wọ ìsọ̀, onígbàjámọ̀ yóò ta aṣọ sí i lọ́rùn, yóò wò ó nínú dígí, yóò sì bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ?" Yóò sì dúró de èsì.