Ọ̀nà Àbùjá

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ràn púpọ̀: àbùjá. Ọ̀nà àbùjá ni ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ là gba àárín oko, tí kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò bá ọ̀nà gbọọrọ yí òkè po kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1998, nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bá mi tẹ iṣẹ́ mi ní òun yóò ṣe shortcut kan fún mi sí ojú ẹ̀rọ náà. Àbùjá ni mo pè é lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí ó ń sọ.

Iṣẹ́ tí mo gbé lọ bá a kì í ṣe kékeré. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sí Ìbòkun, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Ìpetu àti Ẹ̀sà-Òkè, tí mo ń gba ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ṣe òwò Òṣómàáló sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin yìí ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà 14 ni ó kó sínú fódà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n fódà náà wà nínú fódà mìíràn, èyí sì tún wà nínú òmíràn, bí ìyẹ̀wù tí ó wà nínú ìyẹ̀wù. Ó fi bọ́tìnnì ọ̀tún ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní eku wọ́ fódà náà wá sójú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe, ó sì yàn pé kí ó dá shortcut sílẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán fódà kékeré kan jókòó sójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọfà kékeré tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì. Ọfà náà kò jámọ́ nǹkan kan lójú mi nígbà náà.

Ilé-iṣẹ́ Xerox ni ó gbé ẹ̀rọ Star jáde ní 1981, tí ojú rẹ̀ dà bí tábìlì akọ̀wé, tí fáìlì àti fódà wà lórí rẹ̀ bí àwòrán. Apple ṣe irú àbùjá yìí ní 1991, ó sì pè é ní alias, èyí tí í ṣe ìnagijẹ. Windows 95 ti Microsoft, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1995, ni ó sọ ọ́ di ohun tí tẹrú-tọmọ ń lò. Orúkọ méjèèjì yìí yàtọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti Microsoft, ojú ọ̀nà ni ó kọ sílẹ̀ jù: gba ibí, yà sí ibẹ̀yẹn. Ti Apple, ó mọ ojú ọ̀nà, ó sì tún mọ ẹni tí ó ń wá. Bí a bá gbé fáìlì náà kúrò níbi tí ó wà, ó lè wá a rí.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí àbùjá jẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n di ojú ọ̀nà Èkó mú. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ tí yóò dé òkè, ọwọ́ wọn ni yóò gbà kọjá. Ní 1870, Ìbàdàn ṣẹ́ Iléṣà. Ní nǹkan bí 1872, ìjọba Èkó ní àkókò Glover ṣí ọ̀nà mìíràn, tí ó gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó gòkè gba Oǹdó kí ó tó kọjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí a bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ọ̀nà yìí kò kúrú rárá. Síbẹ̀ àbùjá ni, nítorí kò gba ẹnu ibodè ẹni tí yóò dá ni padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà Oǹdó yìí ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó fi ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn jagunjagun rẹ̀ nígbà ogun Kírìjì. Ìró ìbọn wọn sì ni àwọn ènìyàn ní ó fún ogun náà lórúkọ. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú.

Ní 1907, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ẹrù Ìjẹ̀ṣà fi ọ̀nà Oǹdó sílẹ̀, wọ́n kọjú sí Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni òwò aṣọ gbòòrò, tí àwọn Òṣómàáló ń gbé aṣọ kiri abúlé, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Òṣó ni wọn yóò ló: ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Baba kan ní Ẹ̀sà-Òkè sọ fún mi pé òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí onígbèsè tí ó lè sọnù mọ́ òun lọ́wọ́. Mo bi í bí ẹni náà bá kó kúrò nílé ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọdé òwò ni ó ń mọ ilé. Òun a máa béèrè ilé ìyá onígbèsè, ilé àna rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, kí òun tó ka aṣọ fún un.

Ọmọdé òwò ni èmi. Wọ́n pè mí sí àpèjọ kan ní Iléṣà kí n wá ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí. Ọmọkùnrin mi kò sí nílé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ tí mo lọ gba iṣẹ́ mi. Ẹlòmíràn ni mo bá. Èmi fúnra mi ni mo nawọ́ sí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí mo ní kí ó da èyí sínú dísíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ṣe bí mo ti wí. Ní Iléṣà, níwájú àwọn tí wọ́n pè mí, ẹ̀rọ wá, ó wá, ó ní òun kò rí ohun tí à ń wá. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí ó lè gba ìwé odindi ni mo gbé wá, ọfà lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà oko ni mo dì lẹ́rù, mo fi iṣu sílẹ̀ lóko.

Ojú tì mí, mo sì fi ìtìjú náà ṣọ̀lẹ. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó padà sí Òṣogbo. Àwòrán mi ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún inú ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ti pa àwọn fódà àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. N kò lè dá wọn lẹ́bi, n kò sọ pé kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé èmi náà ti gba ohùn mìíràn lé orí kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún, pé mo ti tẹ tiwọn tán. Mẹ́sàn-án ṣẹ́kù. Nínú àwọn àgbà márùn-ún tí ọ̀rọ̀ wọn sọnù, mẹ́rin ti kú kí n tó tún ẹsẹ̀ kó.

Ẹnìkan tí ó kù, ìyá àgbà kan ní Ìbòkun, ni mo lọ bá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ níjọ́sí ni mo tún wá gbọ́.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣebí o fi ẹ̀rọ gbà á? Níbo lo gbé e sí?” N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n fa àpótí mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá wọn, ibi tí wọn kò ti bẹ̀rẹ̀ rí nígbà àkọ́kọ́.