Fáyólìn Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Yàrá Orin: Ojúlówó Ni Tàbí Ayédèrú?

Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀, mo sì rò ó pé ọ̀rọ̀ fáyólìn tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá ló yẹ kí n sọ. Ọ̀pọ̀ yín ló gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìparí ẹ̀ ni ẹ ò tíì gbọ́.

Kò sí ẹni tó kọrin nílé-ẹ̀kọ́ wa tí kò mọ àpótí dúdú inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá orin. Olùkọ́ òyìnbó kan ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Nígbà tí a ń tún yàrá náà ṣe, ọ̀kan nínú wa tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò àyà fáyólìn náà, ó sì rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀: "Antonius Stradivarius Cremonensis Faciebat Anno 1721". Èdè Látìn ni. Ó ń sọ pé Antonio Stradivari, ará ìlú Cremona ní Ítálì, ló ṣe é lọ́dún 1721.

Háà, ariwo sọ! Ẹnìkan ní òun mọ fáyólìn ọdún 1721 kan tí wọ́n ń pè ní Lady Blunt, tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù 15.9 dọ́là ní 2011, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ran àwọn tí ilẹ̀ ríri àti omi òkun bá jà ní Japan lọ́wọ́. Kíá, a ti fi owó tí a ò tíì rí kan òrùlé gbọ̀ngàn, a ti fi kọ́ ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì. A tilẹ̀ dá owó jọ kí ẹni wa kan lè gbé e lọ sí London.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìtàn. Stradivari kú ní 1737. Ohun èlò orin tó fọwọ́ ṣe tó ṣì wà láyé kò ju bíi 650 lọ, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe àkọsílẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn oníṣẹ́ ní Markneukirchen ní Jámánì àti Mirecourt ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáyólìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń lẹ ìwé Stradivari mọ́ wọn nínú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ fi rẹ́ni jẹ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bátànì ti Stradivari làwọn tẹ̀ lé. Ẹni tó rà á nígbà náà mọ iye tó san. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni kò mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ kì í fi í bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé inú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ orí ẹ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín, bí wọ́n ṣe gé ihò àyà ẹ̀, àwọ̀ fáníìṣì ẹ̀, àti irú igi tí wọ́n lò, ìwọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ó tún ń béèrè ọwọ́ àwọn tó ti kọjá, àti ìwé ẹ̀rí wọn.

Igi pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ọdọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara ẹ̀: ọdún tó bá dára, òrùka á fẹ̀, ọdún tí kò bá dára, á tín-ín-rín. Àwọn onímọ̀ máa ń fi òrùka àyà fáyólìn wé ti àwọn igi tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí wọn. Bàsì olókìkí kan wà tí wọ́n ní ìdílé Amati ló ṣe é ní 1611. Òrùka tó kẹ́yìn nínú igi ẹ̀ hù ní 1761! Ṣé igi tó ṣì ń dàgbà ní 1761 ni wọ́n á ti gé fi ṣiṣẹ́ ní 1611? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àmọ́ o, òrùka igi lè tú irọ́ fó. Kò lè dá nìkan jẹ́rìí òtítọ́. Fáyólìn tí wọ́n ń pè ní Messiah, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, ní 1716 nínú. Ọwọ́ Vuillaume ará Faransé ló bọ́ sí ní 1855, ọkùnrin yìí sì mọ bí a ṣe ń ṣe àdàkọ dáadáa. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn kan máa ṣiyèméjì. Wọ́n yẹ igi ẹ̀ wò, òrùka tó kẹ́yìn bọ́ sí àwọn ọdún 1680 sí 1689. Èyí bá ìgbà Stradivari mu, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi igi àtijọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ọwọ́ iṣẹ́ àti ìtàn pọ̀ mọ́ ọn.

Tiwa ńkọ́? Onímọ̀ tó wò ó ní London kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó nu eruku ara ìwé náà, ó sì fi ìlà kékeré kan hàn nísàlẹ̀: "Made in Germany". Láti 1891 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń fi dandan lé e pé kí ọjà òkèèrè jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tó ti wá, àwọn oníṣẹ́ Jámánì sì ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí a gbé lọ kò ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan lọ.

Inú bí àwọn kan. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ká pa ẹnu mọ́, ká tà á fún ẹni tí kò mọ̀dí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ní òtítọ́ kọ́ ni a ó fi irọ́ kan òrùlé fún.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Owó ọkọ̀ tó ṣẹ́kù tó ra okùn tuntun, ó sì tó tún ọrùn ẹ̀ tó ti mì ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n máa ta á. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kúkú ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti òrùlé gbọ̀ngàn, àpò kálukú wa ni yóò ti wá. Akápò ń retí yín.