Ìgbín Òòṣàálá ní ilẹ̀ Bùràsíìlì

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarawun a tẹ̀ lé e. Lónìí, ẹ jẹ́ ká wo ìgbà kan tí orúkọ ìgbín nìkan sọdá òkun, tí ìgbín fúnra rẹ̀ dúró sílé.

Ní 1789, ogun Dàhòmì kó Ìwòyè, ìlú kan lábẹ́ Kétu. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador, ní Bahia, tí wọ́n ń pè ní Alaketu títí dòní. Ìtàn ilé náà sọ pé obìnrin kan láti ìdílé Aro, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọba Kétu, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú lẹ́rú, ló dá a sílẹ̀.

Bí òrìṣà bá débì kan, oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín igbó wa kò sí ní Bùràsíìlì. Ìgbín ńlá mìíràn ló wà nínú igbó tiwọn, Megalobulimus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kì í sì í ṣe ẹbí tiwa rárá. Àwọn èèyàn wa mú un, wọ́n sọ ọ́ ní ìgbín, wọ́n fi ń bọ Òòṣàálá. Wọ́n tún ń pè é ní màlúù Òòṣàálá. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ni!

Wàhálà dé ní nǹkan bí ọdún 1988. Àwọn kan kó ìgbín ìlà-oòrùn Áfíríkà wọ ìpínlẹ̀ Paraná, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa sìn ín fún àwọn tó fẹ́ jẹ escargot bí àwọn Faransé. Wọn ò rí ẹni rà á, ni wọ́n bá tú u dànù. Ó lè yé ẹyin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti ibẹ̀ kì í yé ju ìwọ̀nba díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kún inú ọgbà, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti irúgbìn. Ní 2005, ìjọba fòfin de sísìn àti títà rẹ̀, wọ́n sì ní kí aráàlú máa ṣà á pa.

Ibi tó dùn mí nìyí: ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n ń pa ìgbín Òòṣàálá mọ́ àlejò náà, bẹ́ẹ̀ àwọn irú rẹ̀ kan ti ń lọ sópin. Ẹnu ìkarawun ni kí wọ́n wò: ti ibẹ̀ nípọn, ó yí síta, ti àlejò fẹ́lẹ́, ó mú bí abẹ.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a máa ń gbé àtùpà lọ ṣa ìgbín lóru, agbọ̀n a sì kún. Báyìí, ọjà ni mo ti ń rà á, ó sì gbówó lórí. Ẹ̀yin ará Ìdàáṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ifẹ̀ ti Togo, ṣé igbó yín ṣì ní in? Kí sì ni orúkọ tí ẹ ń pe irú kọ̀ọ̀kan?