Ilé Awo, Ilé Ẹ̀kọ́ Eré: Peter Fátómilọ́lá àti Jímọ̀ Àlíù

Nígbà tí a bá ń kọ́ ìtàn eré oníṣe Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń yà sọ́tọ̀: ti àwọn eléré alárìnká bí Hubert Ògúndé, àti ti yunifásítì, níbi tí Ọlá Rótìmí ti ṣiṣẹ́. Ìpín yìí wúlò fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tó láti fi mọ orísun ẹ̀bùn òṣèré. Ìgbésí ayé ọmọ Èkìtì méjì fi èyí hàn.

Ìfisìn-Èkìtì, lágbègbè Ìdó-Òsì, ni a ti bí Peter Fátómilọ́lá ní 1946. Babaláwo ni baba rẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ní Ifẹ̀ lábẹ́ Ọlá Rótìmí. Ẹgbẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968, eré tí gbogbo ìtàn inú rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìsọtẹ́lẹ̀ babaláwo kan. Ní 1984, òun ni ó ṣe Papa Ajasco nínú fíìmù Wale Adénúgà. Àwàdà ni ti Papa Ajasco. Síbẹ̀, ipa babaláwo ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi mọ Fátómilọ́lá jù.

Ọ̀nà kejì ni Jímọ̀ Àlíù gbà. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni; babaláwo ni baba tirẹ̀ náà. Ní 1959, ọdún tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ó tẹ̀lé Akin Ògúngbè. Ní 1966, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1975 kí ó lè gbájú mọ́ eré. Yánpọnyánrin àti Àrélù sọ orúkọ Àwòrò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣàn. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án, 2020.

Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n irú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Nílé awo, ọmọ ń gbọ́ ẹsẹ Ifá láàárọ̀ lálẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá ń tún un pè níwájú olúwo títí tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò fi ní yẹ̀. Kí ni a ń pè ní ìfidánrawò eré bí kì í bá ṣe èyí? Ẹni tí kò gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀ rí lè há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Ohùn rẹ̀ ni kò ṣeé há. Òǹwòran tí ó mọ Ifá yóò sì tètè dá ayédèrú mọ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ka ilé awo mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ eré wa. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Bí ó bá di pé inú fíìmù nìkan ni òṣèré ọ̀la ti ń gbọ́ Ifá, eré ni yóò máa sín eré jẹ.