Erùpẹ̀ Inú Àpò àti Erùpẹ̀ Inú Ìgò

Bí àgbẹ̀ bá bu erùpẹ̀ oko rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí ó lè mọ irú ajílẹ̀ tí yóò rà, ó gbàgbọ́ pé oko òun gan-an ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó máa ń rí nígbà gbogbo. Erùpẹ̀ a máa yí padà lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1843 ni John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àlìkámà sí oko tí à ń pè ní Broadbalk, ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ìgbẹ́ ẹran sí apá kan, wọ́n fi onírúurú ajílẹ̀ mìíràn sí apá mìíràn, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò, wọn a tọ́jú ìyókù rẹ̀ sínú ìgò.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń sọ ohun jíjẹrà inú ilẹ̀ di náítíréètì, èyí tí ọ̀gbìn ń jẹ. Ní 1877, ní ilẹ̀ Faransé, Schloesing àti Müntz da omi ẹ̀gbin gba inú ọ̀pá gíláàsì tí iyanrìn àti òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀. Fún nǹkan bí ogún ọjọ́ wọn kò rí náítíréètì kankan. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí wọ́n fi chloroform sí i, iṣẹ́ náà dúró. Ta ni ó tún lè jiyàn? Ohun tí oògùn lè pa, alààyè ni. Robert Warington fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní Rothamsted.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí erùpẹ̀ tútù bá wà nínú àpò nínú ooru, àwọn ohun alààyè wọ̀nyí kò sinmi. Náítíréètì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí gbòǹgbò tí yóò jẹ ẹ́. Wọn a sọ fún àgbẹ̀ pé ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá; kò ní ra ajílẹ̀, ọkà rẹ̀ a sì pọ́n. Nítorí náà ni a fi ń yára sá erùpẹ̀ gbẹ, tàbí kí a fi í sínú òtútù.

Síbẹ̀, gbígbẹ pàápàá ní ewu tirẹ̀. H. F. Birch, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kenya, fi hàn ní 1958 pé bí omi bá kan erùpẹ̀ gbígbẹ, àwọn alààyè inú rẹ̀ a sọjí lójijì, wọn a sì tú oúnjẹ ọ̀gbìn sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ àkọ́rọ̀ òjò kò ní ṣe hàà sí èyí. Ti ẹrẹ̀ etí òkun ni ó tilẹ̀ burú jù: imí-ọjọ́ wà nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀, bí a bá sì sá a, afẹ́fẹ́ a sọ ọ́ di kíkan gidigidi. Ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn èyí yóò pe ilẹ̀ náà ní ohun tí kò jẹ́ níbi tí ó wà.

Àwọn ìgò Rothamsted ṣì wà. Nǹkan bí 300,000 erùpẹ̀ àti ọ̀gbìn gbígbẹ ni ó wà nípamọ́ níbẹ̀. Kọ́ọ̀kì, ìda àti òjé ni wọ́n fi dí àwọn ti àtijọ́. David Jenkinson fi erùpẹ̀ tí a bù kí wọ́n tó dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò wé ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi mọ bí kábọ́nù ti ń pẹ́ tó nínú ilẹ̀. Kábọ́nù dúró nínú ìgò gbígbẹ. Ṣùgbọ́n iye àwọn alààyè tí ó wà nínú oko ní ọjọ́ tí a bù ú, ìgò náà kò lè sọ ọ́ fún wa.